Èdè àwọn ẹ̀rọ agérin kò tíì ṣọ̀kan

Bí ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì bá pàdé lọ́jà, Yorùbá ni àwọn méjèèjì ń sọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan lè jáde lẹ́nu ọ̀kan kí èkejì má mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń fi kọ̀ǹpútà gé irin rí, àwọn tí wọ́n ń pè ní CNC. G-code ni èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún wọn: lẹ́tà kan, tí nọ́ńbà tẹ̀lé e. Ẹ wo àṣẹ kan péré. Bí ẹ bá kọ G71 sí ẹ̀rọ tó ń lo kọ̀ǹpútà Siemens ti Jámánì, ohun tí yóò gbọ́ ni pé mìlímítà ni kí òun fi ka àwọn nọ́ńbà iṣẹ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ léètì tó ń lo kọ̀ǹpútà Fanuc ti ilẹ̀ Japan, yóò gbà pé wọ́n ní kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í bó irin náà ní ìpele-ìpele. Irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ lè ba irin olówó gọbọi jẹ́.

John Parsons, tí iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Traverse City ní ìpínlẹ̀ Michigan, tó sì ń ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà, ló dá àbá pé kí nọ́ńbà máa darí ẹ̀rọ dípò ọwọ́ ènìyàn. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà náwó sí i, àwọn onímọ̀ MIT sì fi ẹ̀rọ náà han aráyé ní 1952. Ní àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ EIA ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìlànà RS-274. Àjọ ISO sì gbé ISO 6983 jáde ní 1982. Àmọ́ wọ́n fi àwọn nọ́ńbà kan sílẹ̀ láìfún wọn ní ìtumọ̀, oníléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì fi èyí tó wù ú kún un. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka-èdè gbà wọlé.

Èyí tó burú ju ti ẹ̀ka-èdè lọ ni ohun tí G-code kò lè sọ. Ó lè sọ pé kí ọ̀bẹ lọ sọ́tùn-ún, kó sọ̀ kalẹ̀, kó padà sókè. Kò lè sọ pé ihò tí à ń lu gbọ́dọ̀ gba bóòtù báyìí, pé bó bá fi ìwọ̀n kékeré kan ju bó ṣe yẹ lọ, a ó kọ irin náà sílẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán iṣẹ́ mọ gbogbo èyí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí ẹ̀rọ, ó ti ṣòfò dànù. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló máa ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ògbufọ̀ tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣàtúnṣe nídìí ẹ̀rọ, ayàwòrán lè má gbọ́ rárá. Bàálù ń fò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rọ tó gé àwọn irin ara rẹ̀ lè ti di àlòkù kí wọ́n tó nílò irin mìíràn, gbogbo àṣẹ náà á wá di àtúnkọ.

Ìyẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Kòríà fi orí korí lábẹ́ ISO lórí STEP-NC. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni STEP, ìlànà pípín àwòrán iṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà, tó jáde ní 1994. Iléeṣẹ́ STEP Tools ní Troy, New York, Boeing, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà, Scania àti Sandvik ti Sweden, gbogbo wọn ló dá sí i. Fáìlì kan ṣoṣo ni kó gbé àwòrán, ìwọ̀n àti iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá fúnra rẹ̀ pinnu ìrìn ọ̀bẹ rẹ̀. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń wá èdè kan ṣoṣo kọ ìwé méjì: ISO 14649 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2003, ISO 10303-238 sì tẹ̀lé e ní 2007, nítorí pé ìgbìmọ̀ méjì nínú ISO ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Wọ́n dán an wò, ó ṣiṣẹ́, síbẹ̀ G-code ṣì ni ọba. Kọ̀ǹpútà ara ẹ̀rọ ni ọjà àwọn tó ń ṣe é; kò yá wọn lára láti sọ ara wọn di ẹni tí a lè fi ẹlòmíràn rọ́pò. Onísọ́ọ̀bù náà sì ti ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣẹ àtijọ́ nílẹ̀.

MTConnect gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n dá àbá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2006, wọ́n ṣàfihàn rẹ̀ ní Chicago ní 2008, ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì jáde ní ìparí ọdún náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ìròyìn nìkan ló ń gbà: ṣé ó ń gé irin, àbí ó ti dúró, báwo ló ṣe ń yára sí? Kò ní kí ẹnikẹ́ni fi èdè rẹ̀ sílẹ̀, lójú tèmi ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníléeṣẹ́ fi gbà á wọlé. Ní 2010, àwọn tó ni ín bá OPC Foundation ṣàdéhùn kí ìlànà àwọn méjèèjì lè máa bára mu.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè irú kọ̀ǹpútà tó wà lára rẹ̀, kó sì gba ìwé ìlò rẹ̀ kó tó sanwó, nítorí àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ aládùúgbò lè má yé tirẹ̀.