Ọdún Mélòó Ni Alàgbà? Ìjàpá Méjì àti Ọgbọ́n Ìwádìí Ìtàn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, gbogbo wa la mọ Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́. Ti òní kì í ṣe ti àlọ́. Ìjàpá méjì kan tó gbé ilé ńlá, tí wọ́n sì lórúkọ, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èkíní ni Alàgbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ààfin kéde pé ẹni ọdún 344 ni. Ìròyìn náà kárí ayé. Àwọn onímọ̀ ẹranko ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 100 ọdún. Nínú kíláàsì, àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn bínú pé wọ́n ń fi ìtàn wa ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, ẹ̀rín kì í ṣe ìwádìí, ìbínú náà kì í ṣe ìwádìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìtàn ààfin ni pé Ṣọ̀ún kẹta, tó wà lórí oyè láti 1770 sí 1797, ló mú Alàgbà wọlé. Láti ìgbà yẹn sí 2019 jẹ́ ọdún 222 ó kéré tán, kò sì lè ju 249 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ 344 kúrò nínú 2019, a ó bá ara wa ní 1675. Ìyẹn ni pé ìjàpá náà ti lé ní ẹni 90 ọdún kó tó dé ààfin. Ta ló wà nínú igbó tó ń ka ọjọ́ orí rẹ̀? Ẹ ò rí i pé nọ́ńbà yẹn ju ohun tí ìtàn náà fúnra rẹ̀ sọ lọ.

Èkejì ni Jonathan, ní erékùṣù Saint Helena tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Láti Seychelles ni wọ́n ti gbé e wá ní 1882, ó sì gbé ní ọgbà ilé gómìnà. Àkọsílẹ̀ sọ pé ó ti dàgbà tán nígbà tó dé. Irú rẹ̀ sì máa ń tó 50 ọdún kó tó dàgbà tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìbí rẹ̀ sí 1832. Ní 2022, gómìnà yan ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá fún un gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí. Ẹ gbọ́ o, wọ́n yàn án ni. Àfojúbù ni ti àwọn náà, àmọ́ a rí ibi tí àkọsílẹ̀ parí sí àti ibi tí àfojúbù ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé irọ́ wá ni ìtàn ààfin? Rárá o. Ẹ rántí bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ oyè. Ọba lè wàjà, Ṣọ̀ún kì í tán. Bóyá oyè ni "Alàgbà" náà, tí ìjàpá kan ń jẹ tẹ̀lé òmíràn, tí ààfin sì ń ka ọdún oyè, kì í ṣe ọdún ẹran ara. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí; ìbéèrè tó yẹ kí a bi àwọn àgbà ni.

Iṣẹ́ yín rèé. Bí ẹ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ béèrè ẹni tó ń bọ́ Alàgbà nígbà ọba kọ̀ọ̀kan, àti bóyá ìjàpá ju ẹyọ kan lọ rí. Bí ẹ ò bá lè lọ, T. J. Bowen dá míṣọ́nnù Baptist sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1855, púpọ̀ nínú ìwé míṣọ́nnù náà sì wà ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá dárúkọ ìjàpá ààfin, tàbí fọ́tò kan, yóò wúlò ju àríyànjiyàn ọdún mẹ́wàá lọ.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ò bẹ̀rù ìbéèrè. Ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún un ló yẹ kó kọ́kọ́ bi í.