Láti Orí Ẹ̀rọ Ìwọnfúnpá Dé Orí Fóònù: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ènìyàn lè máa lọ sí oko, kó máa ná ọjà Èjìgbò, kí àìsàn náà sì máa ba ọkàn, ọpọlọ àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ìtàn ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ìtàn wíwá ohun tí yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ní 1896, dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá, tí wọ́n sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ní 1905, Nikolai Korotkoff, ará Rọ́ṣíà, fi etí gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ nínú apá bẹ́ẹ̀, ó sì fi mọ òǹkà méjì: ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá ń tó 140 léraléra, tàbí ti ìsàlẹ̀ 90, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru nìyẹn. Ní ilẹ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládípọ̀ Akínkùgbé, tí wọ́n bí ní Oǹdó ní 1933, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní UCH, Ìbàdàn, láti wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn kíndìnrín ṣe tan mọ́ra.

Ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1966, Joseph Weizenbaum ṣe ELIZA ní MIT, Amẹ́ríkà. Ó ń fèsì bíi dókítà tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aláìsàn. Kò lóye nǹkan kan. Ó kàn ń yí ọ̀rọ̀ ènìyàn padà sí ìbéèrè ni. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń finú hàn án. Èyí kó ìdààmú bá Weizenbaum fúnra rẹ̀, ó sì kìlọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1976.

Lónìí, chatbot lórí fóònù lè rán aláìsàn létí oògùn, kó béèrè òǹkà rẹ̀, kó sì ṣàlàyé ewu iyọ̀ àpọ̀jù. Mo rò pé yóò wúlò ní Isundunrin. Ní agbègbè Èjìgbò wa, ọmọ ọ̀pọ̀ àgbà wà ní Abidjan. Ta ni yóò máa bi ìyá àgbà bóyá ó ti lo oògùn? Ọ̀pọ̀ ló ń dá oògùn dúró nígbà tí wọ́n bá ní, “Ara mi ti yá.”

Ṣùgbọ́n fóònù kò lè wé mọ́ apá. Chatbot gbọ́dọ̀ gbọ́ Yorùbá, kó sì fi ohùn dáhùn, nítorí kì í ṣe gbogbo àgbà ló mọ̀wé. Ẹ̀rọ ìwọnfúnpá gbọ́dọ̀ wà nítòsí, kí nọ́ọ̀sì sì wà ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tí chatbot yóò darí aláìsàn sí. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ kò sì lójú. Kó máa ránni létí, kí ènìyàn máa tọ́jú ènìyàn.