Orúkọ Tí Ó Yẹ Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣègùn sí èdè ọmọ káàárọ̀-oò-jíire kì í wo ilé, wọn kì í wo ọ̀nà, àfi kí wọ́n to ọ̀rọ̀ jọ gbọọrọ, tí aláìsàn yóò kà á tán láìmọ ohun tí ń ṣe òun.

Èyí tí ó rọrùn kò gba àríyànjiyàn. Ẹ̀dọ̀fóró, tí àtọ̀gbẹ náà lè kàn, wà nílẹ̀; ẹ̀rọ tí a ń fèémí sí láti mọ agbára rẹ̀, òṣùwọ̀n èémí ni. Àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ ọlọgbọ́n ni: ẹni náà ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń gbẹ.

Lórí ṣúgà ni ìjà wà. Àwọn tí kò fẹ́ àyálò ní kí a pè é ní iyọ̀ òyìnbó, bí àwọn àgbà kan ti ń pè é. Èmi náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n alátọ̀gbẹ sábà máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú, dókítà a sì ti kìlọ̀ iyọ̀ ọbẹ̀ fún un. Bí a bá tún wí fún un pé iyọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èwo ni kí ó gbọ́? Ṣúgà ni kí ó máa jẹ́.

Àyẹ̀wò HbA1c ni ó gbà mí lọ́kàn jù. Ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ ohun tí ó mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n, horo ẹ̀jẹ̀ tí ó gbé ohun náà rù a sì máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ṣúgà àlẹ̀mẹ́jẹ̀ ni mo sọ ọ́: à-, lẹ̀, mọ́, ẹ̀jẹ̀, fáwẹ̀lì mọ́ pa rẹ́, ohùn òkè rẹ̀ sì bà lé ẹ̀jẹ̀. Irú lílẹ̀ yìí kan náà ni a gbà pé ó ń mú ẹ̀dọ̀fóró le, tí èémí tí alátọ̀gbẹ lè fẹ́ jáde fi ń dín díẹ̀. Gbòǹgbò kan náà ni yóò bí àlẹ̀mẹ́dọ̀fóró.

Fún mímú ṣúgà wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ìkóníjàánu ṣúgà ni mo yàn ju ìṣẹ́gun ṣúgà lọ, nítorí a kì í fi ìjánu pa ẹṣin, a fi ń dá a dúró ni. Ṣúgà tí ó bá sì lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ẹ̀yin tí ń kọ ìwé ìlera fún wa, ẹ pe àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún àwọn aláìsàn gbọ́. Èyí tí kò bá yé wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá òmíràn.