Ilẹ̀, Owó àti Ojú Ọ̀nà: Ìtàn Kíkó Ìgbọ̀nsẹ̀ Kúrò Nílé ní Èkó àti Ìkòròdú

1. Ìfáárà
Àwọn kan gbà pé ìwà ọ̀bùn ni ó ń mú kí onílé jẹ́ kí ṣáláńgá rẹ̀ kún àkúnya. Àpilẹ̀kọ yìí kò fara mọ́ èrò náà. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé nǹkan mẹ́rin ni ó ti ń darí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà pípẹ́: irú ilẹ̀ tí ilé wà, ẹni tí yóò sanwó, ojú ọ̀nà tí ó wọ ilé, àti ibi tí wọn yóò da ẹ̀gbin náà sí.

2. Èkó: Ìgbà Agbépóò
Ní Erékùṣù Èkó, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Kòtò tí wọ́n bá gbẹ́ kì í pẹ́ kún fún omi. Ìdí nìyí tí garawa fi gbilẹ̀ níbẹ̀ nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lóru ni agbépóò máa ń wá gbé e, inú ọ̀sà sì ni ẹrù rẹ̀ ń parí sí. Òfin Ìlera ti 1917 fún ìjọba lágbára lórí ìmọ́tótó ilé, àwọn wọlé-wọlé sì ń yẹ ẹ̀yìnkùlé wò. Omi ẹ̀rọ dé láti Ìjù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lówó ni ó lè fa omi náà dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn yòókù gbójú lé agbépóò. Ẹni tí gbogbo ilé nílò yìí gan-an ni gbogbo ilé ń sá fún.

3. Ìkòròdú: Ìgbà Kòtò
Ìkòròdú wà ní àríwá ọ̀sà. Ilẹ̀ àárín ìlú náà ga ju ti Erékùṣù lọ, àyè sì wà. Bí ṣáláńgá bá kún, wọn a bò ó, wọn a gbẹ́ òmíràn. Àyè ilẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ agbépóò fún wọn. Létí ọ̀sà, bíi Ìpakodò àti Bàyékú, ilẹ̀ rẹlẹ̀, omi sì sún mọ́ òkè.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Èkó ń gbòòrò bọ̀ síhìn-ín. Ilẹ̀ di ohun tí wọ́n ń tà ní púlọ́ọ̀tì, ilé àyágbé sì pọ̀. Àyè kòtò kejì tán.

4. Ta Ni Yóò Sanwó?
Ní àdúgbò bíi Benson, ìṣòro náà di ti àdéhùn. Ayálégbé a ní onílé ni ó ni kòtò. Onílé a ní ẹni tí ó kún un ni kí ó sanwó rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dá owó jọ, ọkọ̀ tí ń fa ẹ̀gbin kì í lè wọ ọ̀nà tóóró tàbí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi ọwọ́ kó o lóru. Àwọn mìíràn ń dúró de òjò kí wọ́n lè tú u sí gọ́tà. Kànga aládùúgbò kò sì jìnnà. Ọ̀nà àrùn onígbáméjì nìyẹn.

5. Àgbálọgbábọ̀
Àṣẹ Ààrẹ 009 ti Oṣù Kọkànlá 2019 fẹ́ fòpin sí ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n níní ṣáláńgá kò parí ọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọkọ̀ náà fi ń tú ẹrù wọn sínú ọ̀sà ní Ìddó. Láti orí garawa dé orí ọkọ̀, ohun tí ó ń gbé ẹ̀gbin ti yí padà. Ọ̀sà tí ó ń gbà á kò yí padà. Ìmọ̀ràn ìmọ́tótó nìkan kò lè tún èyí ṣe, bí kò ṣe àyè ìdàsí tí ó yẹ, ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, àti àdéhùn tí ó yé onílé àti ayálégbé.