Ààfin Kaocen

Ààfin Kaocen jẹ́ ilé alámọ̀ kan ní ìlú Agadez, ní àríwá orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, níbi tí aṣálẹ̀ Sàhárà ti bẹ̀rẹ̀. A ti sọ ọ́ di ilé ìtura, Hôtel de l'Aïr sì ni orúkọ tí àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ ọ́n sí. Kò jìnnà sí Mọ́sálásí Ńlá Agadez. Ẹni tí ó bá dúró sí orí òrùlé rẹ̀ yóò rí ilé gogoro mọ́sálásí náà kedere. Ní ọdún 2013 ni UNESCO fi ìlú àtijọ́ Agadez kún àwọn Ogún Àgbáyé.

Ìtàn

Agadez ti ń gba àlejò kí ilé ìtura kankan tó dé ibẹ̀. Ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ìjọba àwọn Sultan Aïr fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ọ̀wọ́ ràkúnmí tí ń ru iyọ̀ bọ̀ láti Bilma a sì máa gba ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Nígbà tí Heinrich Barth, ọmọ Jámánì, dé ìlú náà ní ọdún 1850, ilé amọ̀ ni ó wọ̀ sí. Wọ́n ṣì ń fi ilé náà han àwọn àlejò títí di òní.

Kaocen (1880–1919), tí ààfin yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, jẹ́ olórí ogun láàárín àwọn Tuareg. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Sanusi, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Mùsùlùmí tí ó gbógun ti àwọn òyìnbó amúnisìn ní Líbyà àti ní agbègbè rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1916, òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dó ti àwọn ọmọ ogun Fránsì tí ó wà ní Agadez. Wọ́n ní ìbọn àgbá kan tí a gbà lọ́wọ́ àwọn ará Itálíà. Sultan Tegama fúnra rẹ̀ gbè sẹ́yìn Kaocen. Ìdótì náà kò tú títí di oṣù Kẹta ọdún 1917, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Fránsì mìíràn dé láti Zinder. Kaocen sá lọ sí Fezzan, ibẹ̀ ni a sì ti yẹgi fún un ní ọdún 1919. Inú ẹ̀wọ̀n ní Zinder ni Tegama kú sí ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ ogun yìí kì í sábà hàn nínú ìpolówó fún àwọn àlejò, tí ó jẹ́ pé "ààfin" nìkan ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ore, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ni ìkóríta tí ọ̀nà Èkó, Benin, Oǹdó àti Okitipupa ti pàdé. Ibi tí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ ni ogun abẹ́lé dé ibẹ̀ ní ọdún 1967.

Ilé amọ̀ nínú aṣálẹ̀

Bíríkì amọ̀ tí a sá sóòrùn ni wọ́n fi ń mọ ilé àtijọ́ ní Agadez, ìtì igi ọ̀pẹ aṣálẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tẹ́ àjà rẹ̀. Ògiri náà nípọn. Lọ́sàn-án, ooru kì í tètè wọlé. Lóru, nígbà tí òtútù bá mú níta, ooru tí ògiri ti gbà sára a máa jáde díẹ̀díẹ̀. Èyí ni ìgbádùn gidi tí ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì ti wà kí ẹ̀rọ amúlétutù tó dé.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ ní Agadez lọ́dún kì í sábà tó 200 mm, nígbà tí ti agbègbè Ore ju 1,500 mm lọ. Òrùlé amọ̀ pẹrẹsẹ kò lè pẹ́ ní Ore rárá. Àmọ́ òjò díẹ̀ náà tó láti fọ ara ògiri, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti máa fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ lóòrèkóòrè. Àwọn igi tí ó yọ síta lára ilé gogoro mọ́sálásí, tí ó ga tó mítà 27, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: orí wọn ni àwọn tí ń rẹ́ ẹ máa ń dúró lé. Qasr al Sarab, ilé ìtura olówó ńlá tí a ṣí ní ọdún 2009 nínú aṣálẹ̀ Liwa ní Abu Dhabi, ní ìrísí odi àtijọ́, ṣùgbọ́n ilé tuntun ni. Ti Agadez kò ní irú afẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni ó fi jù ú lọ.

Àwọn àlejò

Ìdíje ọkọ̀ Paris–Dakar gba Agadez kọjá ní àwọn ọdún 1980, Bernardo Bertolucci sì ya apá kan fíìmù rẹ̀, The Sheltering Sky (1990), ní Nìjẹ̀r. Ọ̀tẹ̀ àwọn Tuareg ní àwọn ọdún 1990 àti láti ọdún 2007 sí 2009 lé ọ̀pọ̀ àlejò sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, wọ́n jí ènìyàn méje gbé ní Arlit, ní àríwá Agadez. Ìfipá-gbàjọba oṣù Keje ọdún 2023 tún dá kún un.

Àlejò mìíràn kò dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn, tí wọ́n ń lọ sí Líbyà àti Yúróòpù, a máa sùn nínú àwọn ọgbà tí wọ́n ń pè ní gẹ́tò, nínú ìlú kan náà, títí ọkọ̀ yóò fi gbé wọn. Òfin tí Nìjẹ̀r ṣe ní ọdún 2015 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi owó gbé irú wọn kọjá ààlà láìbófinmu. Ìjọba ológun fagi lé òfin náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023.