Láti Alẹ́ Àìkú sí Alẹ́ Ajé ní Bissau

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2009 ni wọ́n pa olórí àwọn ọmọ ogun Guinea-Bissau. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti pa Ààrẹ náà. Àwọn tó gbé ìbọn lọ sílé Ààrẹ lóru ọjọ́ náà kì í ṣe adigunjalè. Sójà ìjọba ni wọ́n, owó oṣù ìjọba ni wọ́n sì ń gbà. Bí wákàtí mẹ́rìnlélógún náà ṣe lọ rèé.

Alẹ́ Àìkú, aago mẹ́jọ ku díẹ̀

Ọ̀gágun Batista Tagme Na Waie wà ní olú iléeṣẹ́ àwọn ọmọ ogun nílùú Bissau. Ẹnìkan ti ri bọ́ǹbù sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà. Ibi tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ tọ̀sán-tòru ni, àlejò ò kàn lè ṣèèṣì dé ibẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Bọ́ǹbù bú gbàmù, apá kan ilé wó lulẹ̀, Tagme kú.

Aago mẹ́sàn-án sí ọ̀gànjọ́

Àwọn ọmọ ogun ò wá ẹlẹ́ṣẹ̀ jìnnà. Ààrẹ João Bernardo Vieira, tí gbogbo ìlú ń pè ní Nino, ni wọ́n di ẹ̀bi rù. Ìjà àwọn méjèèjì ti pẹ́. Tagme wà lára àwọn tó lé Vieira kúrò lórí àlééfà lọ́dún 1999, kí Vieira tó tún padà wá wọlé ìbò ní 2005. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àwọn sójà kan ya wọ ilé Ààrẹ pẹ̀lú ìbọn, orí ló kó o yọ. Ní oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e, Tagme náà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ fẹ́ pa òun.

Ọ̀gànjọ́ òru

Ìjà àgbà méjì nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀. Owó ńlá kan ti wọ bárékè. Guinea-Bissau ní erékùṣù tó lé ní ọgọ́rin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò lẹ́nìkan tó ń gbébẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kokéènì láti Gúúsù Amẹ́ríkà rí bí ibùdókọ̀ ọjà wọn tó ń lọ sí Yúróòpù. Oníṣòwò tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú òun balẹ̀ láìsí wàhálà kò nílò ju ọ̀gá sójà kan lọ.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba 674 kílò kokéènì lọ́wọ́ àwọn ará Kòlóńbíà. Àwọn sójà dé pẹ̀lú ìbọn, wọ́n ní ilé ìṣúra ìjọba ló yẹ kí ẹrù náà wà. Wọ́n gbé e lọ, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2008, ọkọ̀ òfuurufú kan láti Venezuela balẹ̀ sí pápákọ̀ Bissau. Sójà yí i ká, wọn ò jẹ́ kí ọlọ́pàá sún mọ́ ọn. Ọlọ́pàá tí kò ní epo tó máa rọ sínú mọ́tò, kí ló fẹ́ fi bá wọn jà?

Ìdájí Ajé, aago mẹ́rin sí márùn-ún

Àwọn sójà yí ilé Vieira ká. Ìró ìbọn ńlá jí ìlú. Frederick Forsyth, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, wà ní Bissau lóru náà. Ìwé lórí òwò kokéènì ló wá ṣèwádìí fún. Kí oòrùn tó yọ, wọ́n ti pa Vieira, ẹni tó ti bá àwọn Potogí jagun òmìnira. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni.

Òwúrọ̀

Sójà ń kó ẹrù jáde nílé Ààrẹ. Ìyàwó rẹ̀ ti sá sí ilé aṣojú Àǹgólà. Zamora Induta, agbẹnusọ àwọn ọmọ ogun, sọ fún àwọn oníròyìn pé Ààrẹ ń gbìyànjú àtisá ni wọ́n pa á, àti pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Tagme. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ilé ẹjọ́ ti jókòó, ó sì ti dìde.

Ọ̀sán

Àwọn ọmọ ogun kéde pé àwọn ò fipá gbàjọba, àwọn á bọ̀wọ̀ fún òfin orílẹ̀-èdè. Ààrẹ Umaru Yar'Adua ti Nàìjíríà ló jẹ́ alága ECOWAS nígbà náà. Mohamed Ibn Chambas, ọ̀gá àgbà àjọ náà, ní ìjọba tiwa-n-tiwa gan-an ni wọ́n pa.

Alẹ́ Ajé

Ìbọn ti dákẹ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n búra fún Raimundo Pereira, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ fìdíhẹ.

Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ, ilé ẹjọ́ kankan ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ikú méjèèjì. Bóyá kokéènì ló fà á ni o, bóyá ìkùnsínú àtijọ́ ni, ohun tó dá mi lójú ni pé bárékè tó bá ti mọ adùn owó olóògùn kì í fẹ́ kí adájọ́ yọjú. Nígbà tí wọ́n máa fi mú José Américo Bubo Na Tchuto, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi tẹ́lẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, àwọn ará Amẹ́ríkà ló dẹkùn fún un lójú òkun. New York ló ti jẹ́wọ́ ẹ̀bi.

Kí ẹni tó ń gba owó oṣù ìjọba di ọ̀daràn ò jìnnà sí wa. Ní Douala, ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ikọ̀ tí ìjọba Cameroon dá sílẹ̀ láti gbógun ti ọlọ́ṣà kó ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ní àdúgbò Bépanda nítorí ẹ̀sùn olè gáàsì. Wọn ò padà wálé. Ní ìlú Benin, nílẹ̀ Nàìjíríà tiwa, George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá, bá adigunjalè Lawrence Anini dòwò pọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé Iyamu dé iwájú adájọ́ ní gbangba, gbogbo ayé sì gbọ́ ohun tó ṣe. Ohun tó yẹ kí ECOWAS béèrè fún Bissau nìyẹn: ilé ẹjọ́ tí ọ̀gá sójà ò lè tì pa, níbi tí wọ́n á ti dárúkọ ẹni tó ri bọ́ǹbù àti ẹni tó yìnbọn.