Nígbà tí àbígbẹ̀yìn bá tójúúbọ́: bí a ṣe ń ṣe ọjọ́ rẹ̀ nínú ìdílé

Àbígbẹ̀yìn ni ọmọ tí ìyá bí kẹ́yìn. Àwọn mìíràn ń pè é ní àbíkẹ́yìn, àwọn tó gbọ́ Faransé a sì máa pè é ní benjamin. Bí ọmọ yìí bá pé ọdún 18, ọ̀pọ̀ ilé á pa adìẹ, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kò burú. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ju jíjẹ mímu lọ. Ohun tí bàbá àti ìyá kò bá rántí fi lé àkọ́bí lọ́wọ́, wọ́n ṣì lè fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí wọn kò bá fi lé àbígbẹ̀yìn lọ́wọ́, ta ló kù? Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí.

Kí ló mú ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀?

Àkọ́bí bá bàbá nígbà tí agbára ṣì wà. Ó bá a lọ sóko, ó mọ ibi tí ààlà wà, ó gbọ́ oríkì ìdílé lẹ́nu ìyá àgbà. Àbígbẹ̀yìn kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa gbọ́n, bàbá ti darúgbó, tàbí ó ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ ọ, iléèwé ló sì gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kutọnu. Tí ìpàdé ẹbí bá wáyé, wọ́n á ní, "Ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kó lọ ṣeré." Ó lè pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, wọn ò ní ṣíwọ́ pípè é ní ọmọdé.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n pín ilẹ̀, kò sí níbẹ̀. Wọ́n ta apá kan, ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Nígbà tó bá padà dé láti kọ́lé, ẹni tí kò mọ̀ rí ló máa bá lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Òun náà kò sì mọ ààlà, kò mọ ẹni tó lè jẹ́rìí fún un. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, òun gan-an ni yóò tà á, torí pé kò sí ẹni tó sọ fún un ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ fún ìdílé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Bó ṣe rí láyé àtijọ́

Àwọn bàbá ńlá wa kì í ka ọjọ́ ìbí. Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ọmọ ti tójúúbọ́. Ọmọkùnrin tó bá ti lè kọ ebè láti àárọ̀ dé ọ̀sán láìjẹ́ pé à ń tì í, bàbá rẹ̀ á fún un ní ọkọ́ àti àdá tirẹ̀, á sì gé apá kan fún un nínú oko. Yóò kọ́kọ́ ṣe ti bàbá. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, á lọ ṣe tirẹ̀. Ohun tó bá kó níbẹ̀, òun ló ni ín. Ìgbà náà ló lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ àáró, pé ẹ bá mi ṣe lónìí, èmi náà á bá yín ṣe lọ́la.

Ní ti ọmọbìnrin, ìyá á fún un ní owó òwò, ì báà ṣe ti gàrí, ti epo tàbí ti aṣọ. Á kọ́ ọ bí a ṣe ń ro ìró àti bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, á sì jẹ́ kó máa ṣọ́ èrè rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Tí a bá wò ó dáadáa, ohun mẹ́ta ló ń sọ ọmọ di àgbà: iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́, ibi tó lè pè ní tirẹ̀, àti àwọn tó lè dúró tì í. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọnù nínú ayẹyẹ òde òní.

Ohun tí òfin sọ

Ní ilẹ̀ Benin, òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, èyí tí à ń pè ní Code des personnes et de la famille, sọ pé ẹni tó pé ọdún 18 ti di àgbà. Ní Tógò náà, ọdún 18 ni. Òfin ńlá Benin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sì fún un láṣẹ láti dìbò.

Láti ọjọ́ náà lọ, ó lè fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí alágbàtọ́ ń bójú tó ohun ìní rẹ̀, iṣẹ́ alágbàtọ́ ti parí. Ọmọ náà lè béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

Ní ti ogún, àṣà wa mọ ọ̀nà méjì. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó la fi ń pín in. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ ni. Òfin Benin ní tirẹ̀ sọ pé gbogbo ọmọ ló dọ́gba. Kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, kò sì ya àkọ́bí sọ́tọ̀ kúrò lára àbígbẹ̀yìn.

Bí a ṣe lè ṣètò ọjọ́ náà

Àwọn ìwé ló ṣáájú. Bí oṣù mélòó kan bá kù, ẹ yẹ ìwé ìbí ọmọ wò. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ bá ti ìwé iléèwé mu? Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí rárá, ilé ẹjọ́ lè fún un ní jugement supplétif. Ní Benin, ẹ rí i pé ó ní nọ́ńbà NPI lọ́dọ̀ ANIP. Ẹ má dúró dé ọjọ́ tí ìdánwò tàbí ìrìn àjò bá dé.

Oríkì ló kàn. Ní ìdájí, kí ìyá tàbí ìyá àgbà jí ọmọ pẹ̀lú oríkì rẹ̀, Àjàní ni o, Àbẹ̀kẹ́ ni o, kó sì ki ti ìdílé dé ibi tó bá mọ̀ ọ́n dé. Tí ìyá kò bá sí mọ́, àbúrò bàbá lóbìnrin lè ṣe é. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu tó mọ oríkì ń dín kù nínú ilé wa lọ́dọọdún.

Lẹ́yìn náà ni àdúrà. Àwọn ohun tí a fi sọ ọmọ lórúkọ la tún ń gbé jáde: omi tí a kì í bá ṣọ̀tá, iyọ̀ àti oyin kí ayé rẹ̀ lè dùn, orógbó kó lè gbó, obì láti bi ibi dànù. Ilé mùsùlùmí á pe àlùfáà, ilé onígbàgbọ́ á pe olùṣọ́ tàbí fadá, ilé òrìṣà á ṣe tirẹ̀. Kò yẹ kí ẹ̀sìn dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ yìí.

Ìrìn ààlà ni ọ̀kan pàtàkì jù lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé ti gbàgbé. Kí àgbà kan mú àbígbẹ̀yìn lọ́wọ́. Ẹ fi ojú oórì àwọn bàbá ńlá hàn án. Tó bá jẹ́ pé ilé la ti bí i, ẹ fi ibi tí wọ́n sin ibi ọmọ sí hàn án. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sóko. Ẹ tọ ẹsẹ̀ pẹ̀rẹ̀gún tí wọ́n fi pààlà, láti ìkángun kan dé èkejì. Ẹ kí àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀, kóun náà mọ tiwọn, torí pé àwọn ni ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ iwájú. Kí ọmọ gbin igi kan síbẹ̀, ì báà ṣe kajú, ọ̀pẹ tàbí òroǹbó. Ẹni tó yá ilẹ̀ dá oko kì í gbin irú igi bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Onílẹ̀ ló ń gbìn ín. Ní Benin, ẹ béèrè ní mérì nípa attestation de détention coutumière, kí ohun tí ẹsẹ̀ rìn lè wà nínú ìwé pẹ̀lú.

Ẹ fún un ní ohun iṣẹ́. Ọkọ́ àti àdá kò yẹ gbogbo ọmọ mọ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ, ẹ dáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò CQM, ẹ san owó rẹ̀. Bí ó kéré, kó ṣáà jẹ́ tirẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ fún un ní ìjókòó láàárín ẹbí. Kí olórí ẹbí sọ ọ́ síta pé, "Láti òní lọ, a kò ní pín, a kò ní tà, láìpè ọ́." Kí wọ́n sì sọ ohun tí òun náà máa máa dá nígbà ìsìnkú tàbí ìyàwó. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ní ojúṣe.

Ọpẹ́ ọmọ

Kí àbígbẹ̀yìn dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀ fún àwọn òbí, kó sì wá ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ni, tí kò tètè lọ síléèwé nítorí rẹ̀. Obì mélòó kan tàbí aṣọ kan, pẹ̀lú "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," tó o. Dídi àgbà kò sọ ọ́ di ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ se ohun tí apá yín bá ká. Ẹ má jẹ gbèsè torí aṣọ ẹbí. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ lókè yìí, yàtọ̀ sí ohun iṣẹ́ àti owó ìwé, kò gbówó lọ́wọ́ ẹni. Ẹnu àgbà àti ẹsẹ̀ ló ń fẹ́. Bí àgbà bá ṣì wà nílé yín, ẹ má sún un síwájú.

Kí Ọlọ́run wo àwọn ọmọ wa dàgbà, kí wọ́n bá ilé, kí wọ́n bá ọ̀nà. Àṣẹ.